Rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé nínú eré sísá àti ìlúwẹ̀ẹ́: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Láti July 2022 tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti gbé orúkọ wa dé ibi tí kò dé rí nídìí họ́dù, eré tí wọ́n ti ń sáré fo igi kọjá, ni àwọn èèyàn ti ń da ìbéèrè bò mí, torí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo máa ń di sítọ́ọ̀pù-wọ́ọ̀ṣì mú níbi intá-háùs àdúgbò wa, wọ́n sì mọ̀ pé tí ẹ bá ti fẹnu kan ọ̀rọ̀ eré sísá lọ́dọ̀ mi, ilẹ̀ lè ṣú bá wa níbẹ̀. Mo wá ní kí n kúkú kó wọn jọ sójú kan. Bí ẹ ṣe bi mí ni mo ṣe ń dáhùn.

Tobi Amusan sá 12.06, kí ló dé tó jẹ́ 12.12 ni wọ́n kọ sílẹ̀? Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni?

Rárá o, ẹnikẹ́ni ò rẹ́ wa jẹ. Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀ nítorí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ní 24 July 2022, ní Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon l'Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mejì ni Tobi sá 100 mítà họ́dù lọ́jọ́ kan náà, sèmí-fáínà lákọ̀ọ́kọ́ kó tó wá kan fáínà, òru ti ń lọ lọ́dọ̀ wa nílé nígbà yẹn, àwa tí a ò sùn là ń pe ara wa lórí fóònù. Ní sèmí-fáínà ó sá 12.12, afẹ́fẹ́ tó ń ti èèyàn látẹ̀yìn jẹ́ 0.9 mítà ní sẹ́kọ́ńdì kan. Nígbà tó di fáínà ó sá 12.06, ó gba góòlù, omijé sì bọ́ lójú ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè wa, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti di 2.5. Òfin sì ní tí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn bá ti ju 2.0 lọ, ẹni tó ṣe ipò kìíní ló ṣe ipò kìíní, mẹ́dà ẹ̀ ò níbì kan án lọ, àmọ́ àkókò tó sá yẹn ò lè wọ ìwé rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìyí. Ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù kí Tobi tó gbà á ni Kendra Harrison ará Amẹ́ríkà, 12.20 ló sá ní London ní July 2016. Ẹni tí Harrison náà gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni Yordanka Donkova ará Bulgaria, 12.21, láti 1988. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: nǹkan bí ọdún 28 gbáko, 0.01 péré ló kúrò lára ẹ̀. Tobi dé, ó yọ 0.08 lẹ́ẹ̀kan náà, Harrison fúnra ẹ̀ sì wà nínú sèmí-fáínà yẹn tó ń wò ó níwájú ẹ̀. Nítorí náà tí ẹ bá ń bínú nítorí 12.06, mo gbọ́ yín, àmọ́ òfin tó kọ 12.06 yẹn náà ló ń ṣọ́ 12.12 fún wa, torí kò sí ẹni tó lè lọ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fìì kó wá sọ pé òun ti gbà á.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye afẹ́fẹ́ yẹn?

Ẹ̀rọ kékeré kan ni, wọ́n máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú pápá, níbi tó ku 50 mítà kí wọ́n dé ìlà ìparí, gíga ẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ 1.22 mítà, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń sáré ju mítà méjì lọ. Tí ìbọn bá ti dún fún 100 mítà lásán, sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá ló fi ń wọn afẹ́fẹ́, tó bá jẹ́ ti họ́dù 100 tàbí 110, sẹ́kọ́ńdì 13. Ti 200 mítà yàtọ̀, ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá já sí ojú ọ̀nà tó gún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ìpíndọ́gba ni wọ́n máa ń kọ, kì í ṣe èyí tó le jù nínú ẹ̀.

Ṣé afẹ́fẹ́ kan àwọn tó ń sá 400 àti 800 náà?

Kò kàn wọ́n. Wọ́n ń yí po ni, èyí tó tì ẹ́ látẹ̀yìn níhìn-ín ló máa wá kọjú sí ẹ lọ́hùn-ún.

Ó dáa, kí ló dé tí wọ́n fi gba ti Flo-Jo, 10.49 yẹn?

Èyí dun ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì dun èmi náà. Florence Griffith-Joyner sá 100 mítà ní 10.49 ní Indianapolis ní 16 July 1988, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọ 0.0, bíi pé ewé kan ò mì. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn tó ń fò tríìpù-jọ́ọ̀ǹpù, ìyẹn fífò ẹlẹ́ẹ̀mẹta, wà nínú pápá kan náà, ẹ̀rọ tiwọn ń kọ ohun tó ju 4 lọ láàárín àkókò yẹn. Àwọn tó yẹ ìwé wò gba ohun tí ẹ̀rọ kọ, rẹ́kọ́ọ̀dù náà sì wọlé. Lójú tèmi ẹ̀rọ yẹn ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ mi ò ní torí ẹ̀ sọ pé obìnrin yẹn ò mọ eré sá, torí ní Seoul lọ́dún kan náà ó sá 200 mítà ní 21.34, wọ́n sì wọn afẹ́fẹ́ ìyẹn.

Ta ló ń fọwọ́ sí rẹ́kọ́ọ̀dù gan-an? Ṣé tí tẹlifíṣọ̀n bá ti gbé e, ó ti parí?

Kò tíì parí. Ohun tí ẹ rí lójú bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ WR sí yẹn, ìyẹn rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé, ó ṣì ń dúró de ìfọwọ́sí ni. Nídìí eré sísá, World Athletics ló ń fọwọ́ sí i, àwọn tí wọ́n ń pè ní IAAF tẹ́lẹ̀, 1912 ni wọ́n dá a sílẹ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù 100 mítà tó sì kọ́kọ́ wọ ìwé wọn ni 10.6 tí Donald Lippincott sá ní Stockholm lọ́dún yẹn. Nídìí omi, World Aquatics ni, FINA ni orúkọ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti 1908.

Wọ́n á gba fọ́tò ìlà ìparí, wọ́n á gba ìwé afẹ́fẹ́, wọ́n á wò ó bóyá ìbọn àti aago jọ bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà, torí wọ́n gbọ́dọ̀ dán ìyẹn wò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ tọ̀ sínú ìgò fún àyẹ̀wò oògùn. Ti omi tún ní tiẹ̀: ẹni tó mọ ilẹ̀ wọ̀n gbọ́dọ̀ ti wọn púùlù náà, tó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n lè sún ògiri ẹ̀, wọ́n á tún un wọ̀n lọ́jọ́ ìdíje gan-an. 50 mítà yẹn lè fi díẹ̀ gùn sí i, kò gbọdọ̀ fi bí irun orí kúrú.

Àbúrò mi sá 10.5 níbi intá-háùs, ìyẹn ò jìnnà sí ti àgbáyé, àbí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Àwa mẹ́ta la di wọ́ọ̀ṣì mú ní ìlà ìparí lọ́dún kan, ọmọkùnrin kan sáré jáde bí ọta, nígbà tó kọjá, wọ́ọ̀ṣì tèmi kọ 10.9, ti ẹnì kejì kọ 10.8, ti ẹnì kẹta kọ 10.5. Pápá bú, 10.5! 10.5! Bàbá ọmọ náà ti ń pe ará ilé. Mo wá bi ẹnì kẹta léèrè pé bọ̀ọ̀dá, kí lẹ wò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ó ní òun gbọ́ ìró ìbọn ni. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìró ò ní iyára tó ojú. Láti ibi tí wọ́n ti yìnbọn dé ọ̀dọ̀ wa jẹ́ 100 mítà, ìró á lò tó 0.3 sẹ́kọ́ńdì kó tó dé etí, ọmọ ti ń sáré lọ nígbà tí wọ́ọ̀ṣì ò tíì bẹ̀rẹ̀. Èéfín ìbọn lèèyàn ń wò, kì í ṣe ìró ẹ̀.

Tí wọ́ọ̀ṣì mẹ́ta bá sì yàtọ̀, ti àárín ni wọ́n ń mú, ìyẹn 10.8. Lórí ìyẹn, ìka èèyàn máa ń pẹ́ níbẹ̀rẹ̀, níparí sì rèé ojú ti ń rí ọmọ náà bọ̀ látòkè kó tó dé, nítorí náà tí wọ́n bá fẹ́ fi àkókò ọwọ́ wé ti ẹ̀rọ ní 100 mítà, 0.24 ni wọ́n máa ń fi kún un. Ó ti di 11.04 nìyẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1977 ni wọn ò ti gba àkókò ọwọ́ mọ́ fún rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé láti 100 dé 400 mítà. Ọmọ yẹn gbóná o, mi ò sọ pé kò gbóná. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ níbẹ̀, kò sí kámẹ́rà, a ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni níta bó ṣe gbóná tó.

Kipchoge sá máráthọ̀nì láìpé wákàtí méjì, kí ló dé tí kò sí nínú ìwé?

Eliud Kipchoge, ọmọ Kenya, 1:59:40 ní Vienna, 12 October 2019. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi sá a, ọ̀nà náà sì pé. Àmọ́ kì í ṣe ìdíje tí ẹlòmíì lè forúkọ sílẹ̀ fún, òun nìkan ni wọ́n ṣètò ẹ̀ fún, àwọn tó ń ṣíwájú ẹ̀ gé afẹ́fẹ́ sì ń pààrọ̀ ara wọn bí ó ti ń rẹ̀ wọ́n, ọkọ̀ ń tan iná sílẹ̀ níwájú kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa tẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló ń gbé omi wá bá a. Ohun ńlá ni, mo wò ó dé òpin, orí mi wú. Kelvin Kiptum ni tiẹ̀ sá 2:00:35 ní Chicago ní 8 October 2023, ìdíje gidi, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, February 2024, ìjàmbá ọkọ̀ pa á, ọmọ ọdún 24. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Wọ́n ní téèyàn bá fò níbi tó ga sókè ó máa ń jìnnà, ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Afẹ́fẹ́ òkè fẹ́lẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ dí èèyàn lọ́nà. Ìlú Mexico ga ju 2,200 mítà lọ sókè òkun, ibẹ̀ ni Bob Beamon ará Amẹ́ríkà ti fò 8.90 mítà nínú fífò jìnnà ní October 1968, nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù wà ní 8.35. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá láti wọ̀n ọ́n ò dé ibi tó balẹ̀ sí, tépù ni wọ́n wá fi wọ̀n ọ́n. Afẹ́fẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? 2.0 géérégé. Òfin ò sì sọ pé kí wọ́n má gba ti òkè.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tokyo ní 30 August 1991. Carl Lewis fò 8.91, ó kọjá Beamon, gbogbo pápá dìde. Afẹ́fẹ́ 2.9. Kò wọlé. Láàárín ìdíje kan náà Mike Powell sáré wá, ó fò 8.95, afẹ́fẹ́ 0.3 péré. Tí ẹnìkan bá tún sọ fún yín pé òfin 2.0 ò ṣe nǹkan kan, ẹ sọ ìtàn ọjọ́ yẹn fún un.

Kí ló dé tí Duplantis ń fi sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan lé e? Kí ló dé tí kò kúkú fò ó tán lẹ́ẹ̀kan?

Armand Duplantis ará Sweden, tó ń fi ọ̀pá fò sókè kọjá igi, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6.17 mítà ní Toruń ní Poland ní February 2020, nígbà tó fi máa di 15 September 2025 ní Tokyo ó ti dé 6.30, ìgbà kẹrìnlá nìyẹn, sẹ̀ǹtímítà kan, sẹ̀ǹtímítà kan. Owó wà níbẹ̀, torí àwọn tó ń ṣètò ìdíje máa ń san owó pàtàkì fún rẹ́kọ́ọ̀dù, Sergey Bubka náà ṣe é bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà tiẹ̀. Àmọ́ ẹ má rò pé owó nìkan ni. Ọ̀pá fífò yàtọ̀ sí eré sísá, ẹni tó ń fò ló ń sọ ibi tí wọ́n máa gbé igi sí, ìgbà mẹ́ta péré ló sì lè gbìyànjú ẹ̀. Tó bá ní kí wọ́n gbé e sókè jù tó sì kùnà, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó ń sá 100 mítà ò lè sọ pé 9.57 lòun fẹ́ sá lónìí kóun lè fi 0.01 péré fọ́ 9.58 ti Usain Bolt.

Rẹ́kọ́ọ̀dù wo ló pẹ́ jù tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọ́?

Nínú eré táwọn èèyàn ń dá sá níta gbangba, 800 mítà obìnrin ni, Jarmila Kratochvílová sá 1:53.28 ní Munich ní July 1983, títí 2025 fi parí kò sẹ́ni tó fọ́ ọ. Tẹ̀lé ìyẹn ni 400 mítà Marita Koch, 47.60, ní Canberra ní October 1985. Koch ò kùnà àyẹ̀wò rí, ṣùgbọ́n Jámánì Ìlà-Oòrùn ló ti wá, lẹ́yìn tí ògiri Berlin sì wó ni ìwé jáde pé ìjọba ibẹ̀ ló ń fún àwọn eléré ìdárayá ní oògùn, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń gbé mì. Èyí ló jẹ́ kí inú mi dùn gan-an nígbà tí Sydney McLaughlin-Levrone sá 47.78 ní Tokyo ní September 2025. Ó ku 0.18.

Ẹ jẹ́ ká wọ omi. Kí ló dé tí rẹ́kọ́ọ̀dù fi jẹ́ méjì fún 100 mítà kan náà?

Torí púùlù jẹ́ méjì, ti 50 mítà àti ti 25 mítà. Nínú ti 25, èèyàn máa ń yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní gbogbo ìgbà tó bá yí padà ó máa fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ògiri yẹn á sì ta á síwájú ju bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe lè fà á lọ. Ìdí nìyẹn tí àkókò ibẹ̀ fi máa ń kéré. Ti Òlíḿpíìkì, 50 ni.

Àwọn aṣọ tí wọ́n fòfin dè yẹn ńkọ́?

Ìtàn yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú ìlúwẹ̀ẹ́. Ní 2008 Speedo gbé aṣọ kan jáde tí wọ́n ń pè ní LZR Racer, nígbà tó di 2009 àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti gbé èyí tó lé ti Speedo jáde, tó jẹ́ pé bíi rọ́bà ló rí látòkè délẹ̀. Aṣọ yẹn máa ń fún ara pọ̀ pinpin, ó sì ń gbé èèyàn léfòó, ẹni tó bá léfòó omi ò ní dí i lọ́nà púpọ̀. Wíwọ̀ ẹ̀ lè gba nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á máa rọra fà á díẹ̀díẹ̀ gba orí itan, torí tí èékánná bá kàn án báyìí, ó ti ya. Níbi ìdíje àgbáyé ní Rome ní 2009, rẹ́kọ́ọ̀dù 43 ló fọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Paul Biedermann ará Jámánì borí Michael Phelps ní 200 mítà ní 1:42.00. Nígbà tó di 1 January 2010 wọ́n fòfin dè é: aṣọ híhun nìkan, ti ọkùnrin láti ìbàdí dé orúnkún, ti obìnrin láti èjìká dé orúnkún.

Àmọ́ wọn ò pa àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn rẹ́. Ẹni tó ń wọ aṣọ híhun wá ń lé ẹni tó wọ rọ́bà. César Cielo ará Brazil ti lúwẹ̀ẹ́ 100 mítà ní 46.91 ní Rome yẹn, ó gba ọdún 13 kí David Popovici, ọmọ Romania tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, tó fi 46.86 gbà á, nínú púùlù Rome kan náà, August 2022. Pan Zhanle ará China wá gbà á lọ́wọ́ Popovici, ó sì lúwẹ̀ẹ́ 46.40 ní Paris 2024. Ti Biedermann ní 400 mítà, 3:40.07, títí di April 2025 ló wà kí Lukas Märtens tóun náà jẹ́ ará Jámánì tó fi 3:39.96 fọ́ ọ. Àwa kan wà tá a fẹ́ kí wọ́n pa àwọn ti rọ́bà rẹ́ nígbà yẹn, mo wà lára wọn. Mo ti yí ọkàn padà báyìí, torí ayọ̀ ọjọ́ tí Popovici fọwọ́ kan ògiri yẹn, a ò bá má rí i.

Kí ló dé tí ẹni méjì, ẹni mẹ́ta máa ń gba mẹ́dà kan náà nínú omi?

Ní Munich 1972, Gunnar Larsson fi 0.002 sẹ́kọ́ńdì ju Tim McKee lọ ní 400 mítà, wọ́n fún un ní góòlù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rò ó pé ògiri púùlù fúnra ẹ̀ ò lè dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ láti léènì kan sí èkejì, ẹni tí wọ́n sọ pé ó yá jù yẹn lè jẹ́ pé ọ̀nà tiẹ̀ ló kúrú. Láti ìgbà yẹn 0.01 ni wọ́n ń dúró sí. Ní Rio 2016, Phelps, Chad le Clos àti László Cseh jọ gba sílífà, 51.14 fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Pan Zhanle ṣe 45.92 nínú rílè ní Paris, ṣé ìyẹn kọ́ ni rẹ́kọ́ọ̀dù?

Ìyẹn kọ́. Nínú rílè, níbi tí ẹni mẹ́rin ti ń gbà á fún ara wọn, ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni àkókò ẹ̀ lè di rẹ́kọ́ọ̀dù, torí òun ló dúró de ìró bí gbogbo èèyàn. Àwọn yòókù ń wo ẹni tó ń bọ̀, ara wọn á ti máa rọ̀ síwájú lórí ibi tí wọ́n dúró sí kí ẹnì kejì tó fọwọ́ kan ògiri.

Àwa dúdú àti Áfíríkà ńkọ́ nínú omi? Àwọn ọmọ Yorùbá ńkọ́?

Áfíríkà wà níbẹ̀ dáadáa. Kirsty Coventry ọmọ Zimbabwe fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé ní 2008, òun náà ló di ààrẹ ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé ní 2025. Tatjana Schoenmaker láti South Africa lúwẹ̀ẹ́ 200 mítà bíréèsì-sítírókù, ìyẹn ìlúwẹ̀ẹ́ àyà, ní 2:18.95 ní Tokyo 2021, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé sì ni nígbà yẹn. Nàìjíríà ò tíì ní. Kì í ṣe pé a ò mọ omi wẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà sí etí ọ̀sà mọ omi wẹ̀ ju àwọn tí mò ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n lọ, púùlù 50 mítà ni kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó wọn.

Nínú eré sísá a ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Falilat Ogunkoya sá 400 mítà ní 49.10 ní Atlanta 1996, ó gba brọ́ńsì, ìyẹn sì jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Áfíríkà. Olusoji Fasuba sá 9.85 ní Doha ní May 2006, ọdún 15 ló fi wà lórí Áfíríkà kí Akani Simbine tó fi 9.84 gbà á ní 2021.

Ọmọ mi máa ń sáré gan-an, kí ni kí n ṣe kí wọ́n lè kọ ti ẹ̀ sílẹ̀?

Ẹ má ṣe máa fi fóònù ká àkókò ẹ̀ kẹ́ ẹ máa gbé e kiri, ẹ wá kóòṣì tó mọṣẹ́, ẹ sì béèrè ìdíje tí àjọ eré sísá ìpínlẹ̀ yín fọwọ́ sí. Kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ bi wọ́n ní nǹkan méjì: ṣé kámẹ́rà ìlà ìparí máa wà níbẹ̀, ṣé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa wà? Tí wọ́n bá ní ó máa wà, ẹ gbé ọmọ náà lọ, kódà kó jìnnà. Kó sá 11.4 níbẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó sàn ju 10.5 tí ẹnì kan gbọ́ ìró ìbọn tẹ̀ lọ.